Ibi Tí Yanrìn Ti Yí Àwọ̀

Ẹ wò ó, olóríkunkun ni Ebenezer Adéríbigbé, ọkọ mi. Yuréníọ́ọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá kiri nínú òkúta oníyanrìn lápá Gombe, èmi Mojísọ́lá ń dá tọ́ Hephzibah ọmọ wa n'Ígàndó. Tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí ó fi sú mi. Ó ní omi máa ń fọ yuréníọ́ọ̀mù kúrò lára àpáta, á wá gbé e rìn nínú òkúta oníyanrìn lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí omi ọ̀hún bá gbà kọjá á pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ṣùgbọ́n tó bá kan ibi tí igi àtijọ́ jẹrà sí, tí afẹ́fẹ́ ò dé, ibẹ̀ ni á sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ lọ, yanrìn á rí bí eérú. Ààlà yẹn ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí, pupa ṣáá ni. Kí wọ́n tó bá a, iṣẹ́ kógbá wọlé.

Ó padà sílé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń fẹ́: kó fojú ara ẹ̀ rí ibi tí yanrìn ti yí àwọ̀, kó tó fọ́jú pátápátá. Bí a ṣe di ẹni tó ń tọ àwọn agbẹ́-bóhòlù kiri nìyẹn, Akówọnjọ lónìí, Command lọ́la. Tí páìpù kan bá wọlẹ̀, wọ́n á da yanrìn ẹ̀ sí òkìtì tiẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú, ẹ jàre!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. A bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, mo fà á lọ́wọ́ wọlé, mo ń pe àwọ̀ òkìtì kọ̀ọ̀kan fún un.

“Pupa. Pupa náà ni. Háà! Bàbá Hephzibah, eérú ni o! Igi jíjẹrà wà nínú ẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀, imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. “Mojí, òkùnkùn nìkan ni mò ń rí.”

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo bu yanrìn náà sí i lọ́wọ́. Ó fìka ra á, ó gbóòórùn ẹ̀.

“Ṣé yuréníọ́ọ̀mù ọ̀hún wà níbẹ̀?”

“Kò sí níbí. Ṣùgbọ́n bí ì bá ṣe rí nìyí.”

Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kéèyàn bá òun gbé òkúta kankan na ọwọ́ sí mi. “Bá mi gbé e. Ó ti rẹ̀ mí.”

Mo dì í sétí ìró mi, mo sì sunkún délé.