Álọ́ọ̀mù Inú Garawa Jẹlifíìṣì

Alihamudulilahi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó fún mi ní ojú láti ríran, tó tún fi ìyá rere ta mí lọ́rẹ. Ààfáà tó kọ́ mi ní kéú ní Ajégúnlẹ̀ máa ń ní ká dúpẹ́ ojú àti etí ká tó dúpẹ́ oúnjẹ. Mo ti dúpẹ́ o. Síbẹ̀, ọpẹ́ náà kò tíì pa ìbínú kan tó wà nínú mi, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mò ń kọ́. Nígbà yẹn ni ìròyìn ń dé ọ̀dọ̀ wa pé jíìnì tó ń pàṣẹ kí ojú hù lára eṣinṣin jọ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lára eku àti lára ènìyàn. Lójú tèmi, jíìnì ni àṣẹ tí Ọlọ́run kọ sínú ara ẹ̀dá, tó ń sọ fún ara pé ibí ni kí ojú wà, ọ̀hún ni kí ẹsẹ̀ wà. Ó yà wá lẹ́nu. Ibo wá ni àṣẹ ojú ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ jẹlifíìṣì, ẹran omi òkun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí kò lórí, tí kò ní egungun. Kókó kéékèèké mẹ́jọ wà létí ara irú èyí tí mo fẹ́ wò. Horó kan bí iyanrìn wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ náà ló fi ń mọ ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó lẹ̀ mọ́ òkúta, kò ní ìkankan nínú wọn. Ìgbà tó bá já kúrò lára òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, ni wọ́n tó hù. Àṣẹ náà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń dúró de àkókò ni.

A ò ní ẹ̀rọ tí a lè fi wo jíìnì. Kókó yẹn ni mo fẹ́ gé, kí n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, kí n yà á. Iṣẹ́ ìwádìí tí n ó fi jáde nìyẹn. Bí mi ò bá rí i ṣe, mo máa tún odidi ọdún kan ṣe. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

"Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ lẹ sún mọ́ omi," ó ní. "Lọ bu tìrẹ wá."

Mo lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi iyọ̀ ti wọ ọ̀sà. Ìyá mi ń lẹ tapólì tó bá ya fún àwọn awakọ̀ tírélà tó ń tò fún ọjọ́ púpọ̀ lọ́nà èbúté Tin Can, ọ̀kan nínú wọn ló sì mú mi mọ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan. Mo kó jẹlifíìṣì mẹ́fà sínú garawa méjì, mo gbé wọn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Aládùúgbò wa kan yọjú wò wọ́n.

"Anti dókítà, na pap you dey keep for there?"

"Ẹran ni o."

"Ẹran wo ni kò lórí? Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé ẹ̀kọ́ láti tọrọ àyè nídìí maikirosíkóòpù. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́sàn-án, omi inú garawa méjèèjì ti mọ́ gaara. Àwọn ẹran mi ti wó sí ìdí rẹ̀, wọn ò mira mọ́.

"Màámi, ta ló fọwọ́ kan garawa mi?"

"Èmi ni. Omi rẹ ti dàrú, mo bá yí álọ́ọ̀mù sí i."

Álọ́ọ̀mù ni òkúta funfun tí gbogbo wa ń yí nínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Kò sí ilé ní àdúgbò wa tí kò ní in.

"Ẹ ti pa wọ́n!"

Mo pariwo mọ́ ìyá mi níṣojú gbogbo ará ilé. Mo ní Màámi ò mọ̀wé, wọn ò sì fẹ́ kí èmi mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ń nu ọwọ́ wọn sí ìdí ìró.

"Ẹran tí kò lórí, tí kò nímú," ni wọ́n sọ. "Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń mí?"

Mo gbé garawa kí n lọ dà á nù. Ọwọ́ mi kan ọ̀kan nínú àwọn ẹran náà. Kò rọ̀ bí ẹ̀kọ mọ́. Ó ti gan bíi pọ̀nmọ́. Mo mú abẹ. Ẹran tí ì bá fà ya ní tútù gbà kí abẹ kọjá geere. Nígbà tí mo gbé e dé abẹ́ maikirosíkóòpù, mo rí kókó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo rí horó inú wọn, mo sì ya gbogbo rẹ̀.

"Kí lo fi mú un le báyìí?" ni ọ̀gá mi bi mí.

"Álọ́ọ̀mù ni, sà. Ìyá mi ló yí i sómi."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Álọ́ọ̀mù omi kànga!"

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn àlejò dé láti yunifásítì mìíràn. Ọ̀gá mi gbé àwòrán mi dúró níwájú wọn. Ó ní, "Mo wá ọgbọ́n kan dá láti mú ara jẹlifíìṣì le."

Òun ló dá ọgbọ́n! Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ló ṣe é. Álọ́ọ̀mù ni."

"Jókòó."

"Ìyá mi tó ń lẹ tapólì ní Ajégúnlẹ̀ ni, sà."

"Mo ní kó o jókòó!"

Mi ò jókòó. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi dojú àwòrán náà bolẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ni nípa bí ojú ṣe ń hù, kò rí ìyá mi. Máàkì tó fún mi kéré, ṣùgbọ́n mo fi yege. Mi ò tún ọdún kankan ṣe.

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ ìyá mi, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ṣé o sọ fún wọn bí mo ṣe yí i?"

"Rárá, Màámi. Kò jẹ́ kí n débẹ̀."

"Háà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà."

Mo wá ń sọ ọ́ níbí, bí Màámi ṣe rò ó fún mi. Wọ́n ká ọwọ́ búbà wọn sókè. Wọ́n fi ìka méjì mú òkúta náà, wọ́n yí i jẹ́jẹ́ lójú omi, wọ́n sì tètè yọ ọ́ kí ó má baà pọ̀ jù. Wọ́n dé garawa, wọ́n sì jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má baà mì í. Ìyá mi ló ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, kí Ọlọ́run má ṣe gba ìmọ́lẹ̀ lójú yín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi orúkọ ara rẹ̀ pe iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yín. Àmín.