Oṣù Méje Kí Lẹ́tà Tó Jáde

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pe àwọn nọ́ọ̀sì abúlé sí ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbémisọ́lá jókòó sẹ́yìn, nítòsí fèrèsé, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Dókítà Abímbọ́lá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń tọ́jú kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ ní ọsibítù ńlá, ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Àgbàlagbà tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, tí kò sì dùn ún," ni dókítà wí, "ẹ má kàn fún un lóògùn kí ẹ ní kó máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dá fúnra rẹ̀. Ẹ ó rò pé oògùn yín ló ṣiṣẹ́, jẹjẹrẹ á sì máa jẹ ẹ́ lọ nínú. Ọjọ́ tó bá ti sọ fún yín ni kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Gbémisọ́lá. Bàbá Dúrótoyè ló sọ sí i lọ́kàn.

Ọdún kẹtàlá rèé tí Gbémisọ́lá ti wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Àba Ọlọ́pẹ. Yàrá méjì ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta. Ọmọ tó ti gbẹ̀bí wọn níbẹ̀ lé ní igba. Ẹni tí ejò bù jẹ, ẹni tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ lóko kòkó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Àwọn ará abúlé kì í pe orúkọ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ulé wa" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn nọ́ọ̀sì ilé wa, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni Bàbá Dúrótoyè kọ́kọ́ wá. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró títí gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ fi lọ tán, ó wá ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ìtọ̀ mi ń pọ́n."

"Ṣé ó ń dùn yín, Bàbá?"

"Kò dùn mí rárá."

Gbémisọ́lá ní kòkòrò ni, ó fún un lóògùn ọlọ́jọ́ méje. Ẹ̀jẹ̀ dá. Nínú oṣù Òkúdu, ó tún padà wá, Gbémisọ́lá pààrọ̀ oògùn. Ẹ̀jẹ̀ tún dá. Lóṣù Ògún, ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gba abẹ́rẹ́. Oṣù Ọ̀wàrà sì ni wọ́n wà yìí. Gbémisọ́lá kà á lórí ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì: oṣù méje.

Kò dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀kadà ló gùn lọ tààrà sí ilé bàbá náà. Ó bá a níbi tó ti ń sá kòkó sórí tapólì níwájú ilé.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá, Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oògùn rẹ mà dára o."

Ọ̀rọ̀ náà gún Gbémisọ́lá bí ọ̀bẹ. Gbémisọ́lá tẹ́wọ́ síwájú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ rí dókítà àgbà, ẹ̀jẹ̀ tó dá kì í ṣe ìwòsàn. Ìjáyà mú kó gbàgbé láti rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, Ìyá Jùwọ́n, aya bàbá, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ gàrí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" ni ìyá bi ọkọ rẹ̀. "Bàbá Jùwọ́n, àtọ̀sí? Ní ọjọ́ ogbó yín yìí, ta ni ẹ lọ bá níta?"

Ohun tí bàbá ti ń fi pa mọ́ láti oṣù Ẹrẹ́nà nìyẹn. Gbémisọ́lá ṣàlàyé, ó búra pé kì í ṣe àìsàn ìṣekúṣe, ṣùgbọ́n ìyá ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá gba lẹ́tà tí Gbémisọ́lá ti kọ sí dókítà, ó wò ó, ó sì dá a padà.

"Mú un lọ. Ìwé rẹ ti tú ulé mi."

Láti ọjọ́ náà, Gbémisọ́lá kò rí i mọ́. Tó bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní bàbá ti lọ sóko. Tó bá lọ sóko, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà kejì lọ. Ọkọ Gbémisọ́lá ní, "O ti kọ lẹ́tà, òun ni kò gbà á. Kí lo tún fẹ́ ṣe?" Lọ́jọ́ kejì, Gbémisọ́lá tún gba ọ̀nà oko lọ. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó kìlọ̀, ṣé ó lè ní òun kìlọ̀?

Láàárọ̀ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Jùwọ́n sáré wọ ilé ìwòsàn láìwọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ kò lè tọ̀ láti ìdájí. Gbémisọ́lá bá bàbá lórí ẹní, inú rẹ̀ le bí òkúta, ó ń làágùn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ojú ìtọ̀. Ó ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ dí rọ́bà náà. Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Nọ́ọ̀sì, má jẹ̀ẹ́ n kú."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fẹ́ gbé kòkó ni wọ́n bẹ̀. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, bàbá á pariwo, Ìyá Jùwọ́n á gbé orí rẹ̀ mọ́ àyà, á máa wí pé, "Ẹ foríjì mí, ẹ foríjì mí." Gbémisọ́lá pe Dókítà Abímbọ́lá lórí fóònù títí ó fi gbé e. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, ara tu bàbá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ olójú wo àpò ìtọ̀, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà pe Gbémisọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jẹjẹrẹ ni. Ó ti jẹ wọ inú ògiri àpò ìtọ̀, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ abẹ kò lè mú un kúrò mọ́. Ta ló ti ń tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni, Mà," ni Gbémisọ́lá wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún wọn lóògùn."

Dókítà kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí.

Wọ́n gbé bàbá padà sílé. Lójoojúmọ́ ni Gbémisọ́lá ń lọ pààrọ̀ rọ́bà, tó ń fún un lóògùn ìrora. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

"Bàbá, lóṣù Ẹrẹ́nà, tí mo bá kọ lẹ́tà yẹn, bóyá wọn ì bá ti rí i kó tó tàn. N ò mọ̀ nígbà náà. Èmi ni mo fi àkókò yín ṣòfò."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí, ó yíjú sí ògiri.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi kú nínú oṣù Èrèlè. Gbémisọ́lá kò mọ̀ bóyá ó dárí ji òun. Ó ti yẹ ọ̀rọ̀ méjì náà wò káàkiri, kò rí ohun tó lè dì mú nínú wọn.

Ìyá Jùwọ́n ni kò dákẹ́. Kí aṣọ ọ̀fọ̀ tó kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó dìde láàárín àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní: "Ẹ bi ọkọ yín léèrè àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Tó bá ní ó ń pọ́n, ẹ má bú u bí mo ṣe bú ti èmi. Ẹ mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì."

Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wá láti ìgbà náà. Òkúta àpò ìtọ̀ ni wọ́n rí lára ọ̀kan, òmíràn kò ní nǹkan kan. Ẹnì kẹta, Akínwándé tó ń ta pákó, ṣì ń retí èsì. Lọ́jọ́ tó wá, ó ní òun á lọ sí ọsibítù tí òun bá ti kórè iṣu tán. Gbémisọ́lá kọ lẹ́tà, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, ó sì jókòó tì í nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.