Ohun Tí Tíṣà Akíndèjì Rí

Kí n sọ òótọ́: bí mo bá ti rí Tíṣà Akíndèjì lókèèrè, tó gbé páálí pẹlẹbẹ tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nínú ẹ̀ sábẹ́ abíyá, inú mi kì í dùn. Ṣe ni mo máa ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèyàn burúkú. Àìsàn ẹ̀rọ tó ń gbé wá ni kì í fara hàn lójú mi, èmi ò sì fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Gàníyù ni orúkọ mi. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Àgbè, ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí. Mo máa ń sọ pé kò sí síkíríìnì tí wọ́n máa gbé dé ọ̀dọ̀ mi tí mi ò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Mo sì máa ń sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́.

Ìkun ni wọ́n bí Zacchaeus Akíndèjì sí, àmọ́ Ọ̀kà ló ti ń ṣe tíṣà láti ìgbà tí mo ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wọn. Àwọn tó kọ́ sọ pé tó bá ń ya máàpù Nàìjíríà sójú pátákó, kì í wo ìwé, kì í sì wo pátákó náà. Àwọn ọmọ tó ń pariwo lẹ́yìn ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára wọn, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ya Odò Ọya lọ ní tiẹ̀ títí á fi dé Lọ́kọ́ja. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Success, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fún un ní láptọ́ọ̀pù náà kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó. Ó yọ Wíńdóòsì kúrò lórí ẹ̀, ó fi Línúùsì, ètò tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà mú, sí i, nítorí gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ti ki fúláàṣì bọ ẹ̀rọ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ọ̀kà, fáírọ́ọ̀sì ló máa ń gbé wálé. Ọdún kan gbáko ni Tíṣà fi tẹ ìbéèrè ìdánwò lórí ẹ̀ láìsí ìjàngbọ̀n. Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún yìí, ẹ̀rọ náà ní àtúnṣe kan wà tí òun fẹ́ ṣe sára òun, Tíṣà sì gbà fún un. Ọjọ́ yẹn ni síkíríìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Gbogbo èyí ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá. Mi ò fetí sí i.

"Gàníyù, tí mo bá ń kàwé lórí ẹ̀, á ṣú wìn-ìn báyìí, á tún là, bí ìgbà tí iná fẹ́ lọ."

Mo tàn án. Ohun tí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkàrẹ́ ń ṣe ni mo ṣe, mo fi fíìmù sí i. Fíìmù kan wà lórí fúláàṣì mi tí obìnrin kan ti ń lé ọkọ rẹ̀ káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Àwọ̀ pọ̀ níbẹ̀, eré sísá pọ̀ níbẹ̀. Síkíríìnì tó bá fẹ́ kú, kó kú síbẹ̀. A jókòó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì ṣẹ́ ojú kankan.

"Ṣé ẹ rí i, sà? Kò ṣe nǹkan kan."

"Mo rí i pé kò ṣe é báyìí."

Mo tú u, mo tẹ wáyà pẹlẹbẹ tó so síkíríìnì mọ́ bọ́ọ̀dù dáadáa, kó má baà dà bíi pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gun máṣíìnì rẹ̀ padà sí Ọ̀kà. Kò pẹ́ tó délé tó fi pè mí pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kejì, mo ní iná Ọ̀kà ni kò dúró dáadáa, kó lọ ra sítébiláísà. Ó rà á. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo pààrọ̀ wáyà náà pátápátá. Gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ìyá olómọrogùn yẹn náà la máa ń wò. Ó dé ibi pé Tíṣà mọ fíìmù náà jù mí lọ. Ó mọ ìgbà tí ọkọ máa fẹsẹ̀ kọ korobá, á ti gbójú kúrò kó tó ṣubú. Síkíríìnì kò gbọ̀n, kò ṣú. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò yé sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, lóòótọ́, àmọ́ tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà méjì ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wo aago. Inú bí mi.

"Sà, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ojú yín ni kẹ́ ẹ lọ tọ́jú."

Mo rò pé á bú mi. Ṣe ló jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ní, "Bàbá mi fọ́ lójú. Ó wà ní Ìkun níbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní iná àtùpà ń ṣẹ́jú."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo bá a wé láptọ́ọ̀pù náà sínú gèlè ìyàwó rẹ̀ tó máa ń fi wé e, mo sì dá a padà sínú páálí. Ojú ń tì mí láti sọ èyí: inú mi dùn pé kò jiyàn mọ́.

Ìyá Success, ìyàwó rẹ̀, ló wá sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ òun ti ń ka ìṣísẹ̀ láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, tó ń há a sórí de ọjọ́ iwájú. Ó ta máṣíìnì rẹ̀, ó ní ẹni tó ń fọ́ lójú kì í gun nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù ojú, ó kọ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún bàbá òun pé ó ti pẹ́ jù, òun ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdílé kan. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti wo síkíríìnì náà tì. Bí Tíṣà bá ti pè é kó wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa fa kọ́sọ̀, àmì kékeré tó ń rìn lójú síkíríìnì, káàkiri láti fi ibi tó ń gbọ̀n hàn án, nǹkan náà á sì dúró gbọin. Obìnrin náà wá ń sunkún ní kọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú táksí. Páálí yẹn náà ló gbé lọ́wọ́. Mo ti ń pèsè ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

"Mi ò bá ti síkíríìnì wá," ó ní. "Lẹ́tà ni mo fẹ́ kó o bá mi tẹ̀ jáde."

Mo ṣí i. Lẹ́tà náà kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ń tọrọ àyè láti fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò, nítorí ojú òun kò ran òun lọ́wọ́ mọ́, òun kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ rí òun níbi tí òun ti ń fọwọ́ tá ògiri wọ kíláàsì. Mo kà á débẹ̀. Kò síná. Mo ní kó jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá ń dùn mí, mo yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo nù ún, mo dá a padà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dáhùn. Mo wọlé wá nu ọwọ́ mi, mo sì bojú wo lẹ́tà tó wà lórí tábìlì.

Ó ṣú wìn-ìn. Ó là.

Mo rò pé òógùn ló wọ̀ mí lójú. Mo dúró. Ó tún ṣe é. Mo kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Tíṣà kọjú sí títì, kò wo ibi tí mo wà rárá.

"Sà, ó ń ṣẹ́jú."

"O ò ní láti máa tù mí nínú, Gàníyù."

"Wàláì, sà, ó ń ṣẹ́jú."

Mo pe Kafilat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àkùngbá. Mi ò kí i dáadáa tí mo fi da ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló wà lórí síkíríìnì báyìí?"

"Lẹ́tà."

"Ẹ fi fíìmù sí i."

Mo fi sí i. Ìyá olómọrogùn jáde, síkíríìnì sì dúró gbọin. Ó ní kí n dá fíìmù náà dúró sójú kan. Obìnrin náà dúró, ó na ọmọrogùn sókè. A ò tíì kà dé mẹ́wàá tó fi ṣú tó tún là.

"Dráífà ni," Kafilat ní. "Ètò tó ń darí àwòrán nìyẹn. Tí nǹkan kan ò bá rìn lórí síkíríìnì, ó máa ń jẹ́ kó sinmi kó má baà jẹ bátìrì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i ni kò ti mọ ìsinmi náà ṣe mọ́. Tí nǹkan bá ń rìn, kò ní sinmi, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi fíìmù dán síkíríìnì wò.

Kafilat fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí fóònù mi, ó ní kí n fi kún fáìlì tí ẹ̀rọ náà máa ń kà nígbà tó bá ń jí, kí ó má baà gba síkíríìnì láyè láti sinmi mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Ó ṣì ń ṣẹ́jú. Tíṣà dìde, ó na ọwọ́ sí páálí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, inú sì ń bí mi sí ara mi. Mo ya fọ́tò ohun tí mo tẹ̀ fún Kafilat. Ó ní àmì ìdánudúró kékeré kan ni mo gbàgbé. Mo fi sí i, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, mo sì ṣí lẹ́tà náà.

Àwa méjèèjì jókòó, a tẹjú mọ́ ọn. Ogún ìṣẹ́jú. Oníbàárà kan wọlé, mo ní kó dúró níta. Lẹ́tà náà kò mira.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún ọ," Tíṣà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ dárí jì mí."

Mo retí kó gún mi bí iyán. Mo tọ́ sí i. Ó kàn ń wo síkíríìnì.

"Ọdún méjì ni bàbá mi fi sọ fún wa pé nǹkan kan ń ṣẹ́jú fún òun. Èmi àkọ́bí, èmi tíṣà, mo ní kó dìde, kó rìn dé ìdí ààrò, kó padà wá bá mi. Ó rìn, kò kọsẹ̀. Mo ní ojú rẹ̀ dáa, oko ni kò fẹ́ lọ mọ́." Ó fọwọ́ kan etí síkíríìnì náà. "Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni, Gàníyù. Ta ló máa kọsẹ̀ níbẹ̀?"

Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ pa lẹ́tà náà rẹ́, ó wé láptọ́ọ̀pù sínú gèlè, ó sì gbé páálí rẹ̀. Mo sìn ín dé títì. Táksí Ọ̀kà kan dúró, awakọ̀ ní èèyàn kan ló kù. Tíṣà mi orí.

"Ìkun ni mò ń lọ," ó ní. "Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti jẹ bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé ohun tó ní òun rí, ó rí i."

Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ dúró de ọkọ̀ Ìkun.