Fàsásì Oníkólọ̀nù

Wọ́n ní Fàsásì ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ láti inú sàréè. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín, tí àkàrà fídáù ṣì gbóná lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Bẹyẹrúnkà, ni iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù Clara tó ń ta oògùn ní Bẹẹrẹ. Orúkọ Fàsásì ló wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Clara ju fóònù sórí káńtà, ó ní alààyè lòun ń ta oògùn fún.

Bó bá ṣe ẹlòmíì ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kú. Ṣùgbọ́n Fàsásì ni, ẹni tó fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun. Kí ẹ̀rọ kan tó bá èkejì sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà mélòó kan ní í kọ́kọ́ ṣíwájú: orúkọ nǹkan lápá òsì, kólọ̀nù, ìyẹn àmì tótó méjì tó gun ara wọn, láàárín, ohun tí nǹkan náà jẹ́ lápá ọ̀tún. Fàsásì gbà pé bó ṣe yẹ kí ayé rí nìyẹn. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ẹ ní "èmi ni," ẹ óò pẹ́ níta.

Gbogbo ike ilé ìdáná ló lẹ bébà mọ́. Lọ́jọ́ kan, Sọ̀fíyàt, ìyàwó Yẹ̀kínì àbúrò rẹ̀, da iyọ̀ sínú ike tí wọ́n kọ "Ohun-inú: ṣúgà" sí lára. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kò tíì jẹ́wọ́ dòní. Fàsásì bù ú sógì, ó mu ún, ojú ẹ̀ fún pọ̀, ó sì mu ún tán. Ó ní bébà ló tọ̀nà, iyọ̀ ló ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ kọjá àwàdà lọ́jọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Èjìdé, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ku hóró méjì. Fàsásì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ètò kan tí ilé yóò máa fi béèrè oògùn lọ́dọ̀ Clara, ó sì fà á lé Sọ̀fíyàt lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sọ̀fíyàt tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ Clara dá a padà pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fàsásì yọjú wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "Orúkọ: Ìbàdí-Àrán."

Ó ní, "Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Sọ̀fíyàt ní, "Ìbàdí-Àrán ni, sà."

"Èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni mò ń bi ẹ́."

"Wọn ò tíì gbé mi wálé lọ́jọ́ yẹn, Kólọ̀nù."

Láti ọdún méjìlélógún tó ti wọlé ọkọ, kò pe ẹnì kan tó bá níbẹ̀ lórúkọ rí, títí kan ọmọ tó ń rákò nígbà náà. Orúkọ tóun fún Fàsásì ni Kólọ̀nù. Fàsásì ní ẹ̀rọ ni yóò pe Èjìdé, kì í ṣe Sọ̀fíyàt. Sọ̀fíyàt bi í pé ìka ta ló máa tẹ̀ ẹ́. Fàsásì ì bá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó kàn ní, "Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí ńkọ́?"

Èjìdé dá sí i láti inú yàrá. "Ẹ jà tán, kẹ́ ẹ fi orúkọ tó bá borí ránṣẹ́. Hóró méjì ló kù."

Fàsásì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ìrun Àìlà títí di Àsárì. Ó ṣe é kí ìlà kan náà lè wà lẹ́ẹ̀mejì: bí Sọ̀fíyàt bá ti tẹ Ìbàdí-Àrán, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi "Orúkọ: Èjìdé" sábẹ́ rẹ̀. Ó ní òfin ẹ̀rọ ti gbà á tipẹ́, òun lòun ò gbà. Ọlọ́kadà gbé oògùn dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí Fàsásì kú, Yẹ̀kínì fẹ́ pa orúkọ rẹ̀, tí ètò náà fi ń ránṣẹ́, rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Sọ̀fíyàt ò jẹ́. Lọ́jọ́ fídáù, hóró méjì ló tún kù nínú oògùn Èjìdé, Sọ̀fíyàt sì gbé àkàrà sílẹ̀, ó lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ "Olùránṣẹ́: Fàsásì" sókè bó ṣe máa ń ṣe. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí Clara ò dúró kà, Sọ̀fíyàt ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́: "Olùránṣẹ́: Kólọ̀nù."