Ìtàn Ọṣẹ Gbé Ìrẹsì Wálé

Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú lónìí.

Mo kọ́ Àlàájà tó ń ta ọṣẹ dúdú ní àdúgbò Baghdadiyah nílẹ̀ Lárúbáwá bí a ṣe ń fi ìtàn polówó ọjà. Mo ní kí wọ́n sọ ìṣòro wọn kí wọ́n tó dárúkọ ọṣẹ. Wọ́n ṣe fídíò, wọ́n sọ bí ọkọ wọn ṣe kú, tó jẹ́ pé ọṣẹ ló ń bọ́ wọn.

Wọ́n pè mí láàárọ̀.

"Tíṣà, àwọn èèyàn ti gbé ìrẹsì àti dàbínù wá."

"Ọṣẹ ńkọ́, Àlàájà?"

"Kò sẹ́ni tó bèèrè. Wọ́n ní sàárà ni. O sọ mí di alágbe. Wá gbé ìrẹsì ẹ."

Mo tún wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn ni wọ́n ṣe.

Ìrẹsì ti wà nínú ọkọ̀ mi. Níbo gan-an ni ẹ̀kọ́ mi ti wọ́?