Amọ̀kòkò Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì í Balẹ̀

Ọjọ́ tí àwọn àna wá tọrọ Okbun, àbígbẹ̀yìn Bàbá Mansik, ni abúlé Dolgol kò lè gbàgbé. Bàbá náà ti di ẹni ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti kan orúkọ rẹ̀, ìtàn aago ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ.

Amọ̀kòkò ni. Kò sí ohun tí wọ́n dà sí ààtàn tí kò ní ṣà, kó fi amọ̀ tì í lẹ́yìn, kó sì sọ ọ́ di ohun èlò inú ilé: agolo wàrà, táyà tó ti jẹ, egungun agbòjò, dúrọ́ọ̀mù tó ti dípẹtà. Ẹ̀rù ló sì ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn wò tó ní ó rẹwà, òun á ti rí bí yóò ṣe pa èèyàn.

Lọ́dún yẹn, ó rò ó pé ìkòkò tí wọ́n ń fi ewébẹ̀ kimchi oníyọ̀ pamọ́ sí lè bẹ́ nígbà ooru, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń kó jọ nínú ewébẹ̀ bó ṣe ń kan. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò amọ̀ kankan kò bẹ́ rí ní Dolgol láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

"Èyí tí kò tíì bẹ́ rí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni Bàbá Mansik wí. Ó bá fi wáyà so aago kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdérí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ìdérí sókè, aago á dún, ará ilé á sì sá.

Sunnye, ìyàwó Mansik, kò tíì pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà. Òun ló ń gbé omi ọkà báálì fún àwọn àlejò tí aago kan fi dún lẹ́yìnkùlé. Kó tó gbé àwo kalẹ̀, bàbá ọkọ rẹ̀ ti fò dìde, ó ti ki bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Okbun mọ́lẹ̀ lábẹ́ apá. Alápatà ni ọkùnrin ọ̀hún, ó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wọ́n jọ ré àgbàlá kọjá, wọ́n sì jọ ṣubú lé ata tí wọ́n sá sórí ẹní. Ìkòkò náà ṣe "sìì," ìdérí rẹ̀ padà sáyè rẹ̀.

Alápatà jókòó sínú ata, ojú rẹ̀ ń ṣomi. "Bàbá Mansik, ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nílé yìí lójoojúmọ́ nìyí?"

"Rárá o," ni Bàbá dáhùn. "Ti òní rọra dún ni."

Wọ́n fẹ́ Okbun náà ṣá. Alápatà ní ọmọ tó bá jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀rù tó báyìí kò ní fi ọ̀bẹ sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọdé á ti tó o.

Ní ti Sunnye, àyà rẹ̀ kò lélẹ̀ nínú ilé náà. Kò mọ ohun tí òun á fọwọ́ kàn tí yóò dún. Ṣáláńgá ló burú jù. Bàbá ń bẹ̀rù kí èèyàn má já sínú rẹ̀, ó bá fi amọ̀ àti táyà mọ ibi ìtẹ́sẹ̀, ó so okùn kan rọ̀ láti òkè fún ìdìmú, ó sì so àwọn agolo tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kí ariwo wọn lè kéde bí ẹnikẹ́ni bá já. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kàn yí ìdí padà báyìí, agolo ti ń pariwo. Nígbà tí ìyá Sunnye wá kí wọn, kò tíì lóṣòó tán tó fi gbọ́ ohùn Bàbá láti àgbàlá: "Àna wa, ṣé ẹ ṣì wà lókè?"

Ìyá náà dìde, ó jáde. Ó mú ìgbẹ́ náà mọ́ra títí ó fi délé ara rẹ̀.

Ọjà títà pàápàá, wàhálà ni. Obìnrin kan wá láti abúlé kejì, ó fẹ́ ra àdògán tí Bàbá fi amọ̀ tẹ́nú dúrọ́ọ̀mù ṣe. Bàbá ò sọ iye tó ń tà á. Ó ń bi í léèrè: ọmọ mélòó ló bí, ṣé wọ́n máa ń sáré, kí ló fi ṣe fèrèsé? Nígbà tó gbọ́ pé bébà ni wọ́n lẹ̀ sójú fèrèsé, ó fa àdògán rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, àdògán ni mo wá rà. N ò wá fẹ́ ọmọ yín."

"Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Bí ilé yín bá ń jó, òun á sá jáde."

Ó tà á fún un nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó bá a délé, ó jókòó ti àdògán náà títí oúnjẹ fi jinná, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Ìgbà tí Sunnye ráhùn fún ọkọ rẹ̀ nípa ariwo inú ilé ló tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mansik ṣì kéré nígbà tí èédú dé Dolgol, tí wọ́n ń kó o sí ojú ààrò dípò igi, kí ooru rẹ̀ lè máa gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá nígbà òtútù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ò jí. Afẹ́fẹ́ olóró inú èédú ti gba ibi tí ilẹ̀ ti sán wọlé bá a lójú oorun. Bàbá wà níbi tó ti ń sun ìkòkò.

"Kò gbọ́ nǹkan kan," ni Mansik wí. "Nǹkan kan ò dún."

Láti ìgbà náà Sunnye kò ráhùn nípa aago mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa ranni bí ikọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ ilẹ̀ yàrá wò kó tó tẹ́ ẹní.

Lọ́dọọdún, kí òtútù tó mú, Bàbá máa ń ru koríko tútù káàkiri abúlé. Afẹ́fẹ́ èédú kì í hàn, ṣùgbọ́n èéfín koríko máa ń hàn. Yóò ti koríko bọ ojú ààrò, yóò dáná sí i, yóò ti ilẹ̀kùn yàrá, ibi tí èéfín bá sì gbà yọ, yóò fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ lúbúlúbú àpáàdì dí i. Gbogbo aṣọ á máa rùn. Ìyá Dongnam, opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ti gbé ìgbakọ lé e rí.

"Bàbá Mansik, ṣé ẹja ni wá ni, tí ẹ fi ń yan wá lọ́dọọdún?"

"Ẹja tí wọ́n bá yan kì í tètè bàjẹ́."

Lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé Bàbá, àìlèmí dáadáa kò jẹ́ kó lè dìde. Òtútù sì tètè dé. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Yàrá tí Ìyá Dongnam ṣẹ̀ṣẹ̀ fi háyà ńkọ́? Ta ló wò ó? Wọ́n lọ́mọ ọwọ́ o."

Mansik fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Jókòó sí ilé ìdáná díẹ̀, kó o wá sọ fún un pé o ti lọ, pé kò sí nǹkan kan. Kó lè sinmi."

Sunnye jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Ìjókòó náà ò gbà á. Ó di koríko, ó gún àpáàdì pò mọ́ amọ̀, ó jáde, ojú ń tì í bí ẹni tó jalè.

Ìyá Dongnam pòṣé, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn. Myongja, ìyálọ́mọ tó háyà yàrá náà, gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ẹní. Èédú ti ń jó níta, tí wọ́n fẹ́ kó sójú ààrò tó bá di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dáná koríko, wọ́n ń wò. Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ rí i bí?" ni Ìyá Dongnam wí. "Àìsàn bàbá yín ti ràn yín."

Sunnye ti ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ kó tó rí i. Èéfín tín-ín-rín kan ń dìde bí òwú, létí ìrọ̀rí ọmọ.

Myongja di ọmọ rẹ̀ mú pinpin. Amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sunnye. Ìyá Dongnam ló ṣà á nílẹ̀, tó kúnlẹ̀ tì í, tí wọ́n sì jọ dí i.

Nígbà tí Sunnye padà délé, Mansik ń mi orí sí i látẹ̀yìn bàbá rẹ̀, pé kó sọ pé kò sí nǹkan kan. Sunnye kúnlẹ̀.

"Ó yọ, Bàbá. Létí ìrọ̀rí ọmọ. Mo ti dí i. Mo tún dáná sí i, kò yọ mọ́."

Mansik di ojú, ó ń retí kí bàbá òun fò dìde. Bàbá tẹjú mọ́ Sunnye títí.

"Àpáàdì yẹn, o gún un kúnná?"

"Ó kúnná, Bàbá."

"O bomi wọ́n ọn kó má bàa sán?"

"Mo bomi wọ́n ọn."

Ó ní ó dáa. Ó yíjú sí ògiri, kò sì pẹ́ tó fi ń hanrun. Láti ọjọ́ tí Sunnye ti wọlé wá, kò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí. Ó jókòó tì í, àyà tirẹ̀ ṣì ń lù kìkì.

Bàbá Mansik kú kí yìnyín tó yọ́ tán.

Nígbà tí òtútù tún ń sún mọ́lé, Mansik bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń di koríko. "Ta ló rán ọ?" Kò sẹ́ni tó rán an.

Ní ilé tó kọ́kọ́ yà, wọ́n ti ká ẹní, wọ́n ti kó àwọn ọmọdé síta nínú ẹ̀wù òtútù. Baálé ilé fi ibì kan hàn án lábẹ́ fèrèsé. "Ibí yìí ló máa ń yọ Bàbá lẹ́nu jù. Tó bá dí i tán, á ní, 'Ìwọ yìí, ó dèèmíì.'"

Wọ́n dáná sí i. Sunnye kúnlẹ̀ tì í. Nínú amọ̀ tó ti gbẹ, ojú ibi tí àtàǹpàkò Bàbá tẹ̀ ṣì hàn kedere, ó tóbi, ó sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé ìka tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àyà baálé ilé já.

"Ìyàwó, ṣé ó ń yọ ni?"

"Kò yọ," ni Sunnye wí. "Mo kàn ń wò ó ni."