Agolo Oògùn Àṣẹ́kù

"Ẹ má fi oògùn àṣẹ́kù tọ́jú ọmọ." Ìkìlọ̀ yìí ni mo rí lára ògiri ilé ìwòsàn tí mo gbé ọmọ tí àkọ́bí mi bí lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àdúgbò Kemta là ń gbé. Àkọ́bí mi yìí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí eéwo sọ ọ́ lábíyá. Adípẹ́ńsà, ẹni tó ń pín oògùn ní ilé ìwòsàn, fún wa ní oògùn oníhóró tí yóò lò fún ọjọ́ méje. Èmi tí mo lọ sílé ìwé girama, mo ń kọ wákàtí tó ń lo hóró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ibà lọ, ọmọ ń fo okùn ní àgbàlá.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, ara ọmọ ti yá. Ta ní ń wẹ̀ tán tó tún ń da omi sára? Tọ́jú ìyókù."

Mo kó o sínú agolo, mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo kọ EÉWO sí i gàdàgbà. Gbogbo agbo ilé ló yìn mí. Ẹni tí eéwo bá sọ a wá gba hóró kan. Nígbà tí ti ọmọ mi tún wú, mo fún òun náà ní ọ̀kan.

Kò lọ. Adípẹ́ńsà tún fún wa ní ọ̀tun, a lò ó pé, síbẹ̀ apá wú dé ìgbọ̀nwọ́, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ọmọ yìí lè kú; mo sáré gbé e padà lọ bá adípẹ́ńsà, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ agolo fún un.

Adípẹ́ńsà ní, "Màmá, nígbà tí ẹ dá oògùn dúró lọ́jọ́ kẹta, àwọn kòkòrò àìsàn tó le jù lẹ dá sí. Wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ti rí oògùn yìí fín. Ó ku penisílíìnì, oògùn tuntun. Abẹ́rẹ́ ni, àràárọ̀, fún ọjọ́ méje. Èyí kò ní ṣeé kó sínú agolo o!"

Lọ́jọ́ kẹrin, wíwú apá ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó tó àkókò àtilọ gba ti ọjọ́ karùn-ún, ọmọ sá sẹ́yìn ìyá ọkọ mi.

"Ìyá àgbà, ara mi ti yá! Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìyókù!"

"Tọ́jú kí ni? Mẹ́ta ló kù, a ò ní fi ọ̀kan ṣe sàráà." Ó pọ̀n ọ́n, ó di ọ̀já le, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ na apá méjèèjì sókè, ó ń jó. Ìyá ọkọ mi da ohun tó wà nínú agolo sí ṣáláńgá. Iyọ̀ ni mo ń kó sínú agolo náà di òní.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lo oògùn rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kódà bó bá ti ń fo okùn. Ẹ má sì fi tirẹ̀ tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn.